Awọ Kékeré Ẹnu Ọ̀pá Sínúkà àti Òrùka tí ó Gbé e Ró

Ẹni tí ó bá rin Òkè-Ògùn já ní ìrọ̀lẹ́, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, kò ní ṣàìrí àtíbàbà kan tàbí òmíràn tí àwọn ọ̀dọ́ pé sí abẹ́ rẹ̀, tí wọ́n yí tábìlì aláṣọ kan ká, tí bọ́ọ̀lù sì ń ró kò, kò, kò lórí rẹ̀. Eré yìí ni wọ́n ń pè ní sínúkà. Àwọn àgbà mìíràn kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ sétí nítorí àwọn tí ń fi í ta tẹ́tẹ́, èmi náà kò sì ní gbè sẹ́yìn atatẹ́tẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ kọ́ ni ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ ọ̀pá tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù náà ni, pàápàá jùlọ ọ̀rọ̀ ìwọ̀nba ìka méjì tí ó wà lẹ́nu rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni owó ti ń jò mọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́ wa lọ́wọ́, àwọn tí wọ́n fi tábìlì ṣe òwò.

Mo rí ọ̀kan nínú wọn ní Ìsẹ́yìn. Ọmọ ahunṣọ ni. Ó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan, ó fi ra tábìlì kan àti ọ̀pá mẹ́ta, ó sì ń san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ kan, awọ ẹnu ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá náà já bọ́ ní àárọ̀. Ó rí i, ó ní kò burú, bí ó bá di alẹ́ òun yóò tún un ṣe. Kí alẹ́ tó lẹ́, oníbàárà kan ti mú ọ̀pá náà. Ó nà án láti gbá bọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀, ẹnu ọ̀pá yọ̀, ó wọ inú aṣọ tábìlì, ó sì là á lọ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan. Ariwo ta. Oníbàárà ní ọ̀pá ni ó bàjẹ́, kì í ṣe ọwọ́ òun. Onítábìlì ní ẹni tí ó bá ya aṣọ ni yóò ra aṣọ. Díẹ̀ ni ó kù kí wọ́n fi ọ̀pá náà lu ara wọn. Nígbà tí baba ọmọ náà dé, tí ó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ jókòó nídìí òfì, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tọ ojú ibi tí ó ya náà, ó ní, “Òwú tí ó bá já lójú òfì, à á so ó. Èyí kò ní ibi tí a ó ti mú un so.” Ọ̀rọ̀ àgbà náà rí bẹ́ẹ̀. Aṣọ tábìlì sínúkà fún, ó sì tẹ́jú, kò sí lílẹ̀ tí a lè lẹ̀ ẹ́ tí bọ́ọ̀lù kò fi ní máa ta kọsẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni tábìlì náà fi wà láìṣiṣẹ́, gbèsè kò sì dúró dè é.

Báwo ni awọ tí kò tó èékánná àtàǹpàkò ṣe lè dá irú wàhálà báyìí sílẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀pá náà wò.

Igi ni ara ọ̀pá. Àwọn tí a ń kó wá láti òkè òkun sábà máa ń jẹ́ igi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ash tàbí maple. Ìdí rẹ̀ nípọn, ẹnu rẹ̀ sì tín-ínrín. Lẹ́nu tín-ínrín yìí ni a ti fi òrùka kan wọ igi náà, bí ẹni fi fìlà dé orí. Lórí òrùka ni a sì lẹ awọ mọ́, awọ yìí nìkan ni ó sì yẹ kí ó máa kan bọ́ọ̀lù.

Iṣẹ́ òrùka yé àwọn ará Òkè-Ògùn ju bí wọ́n ti rò lọ. Bí a bá ń lu igi lórí, yóò là. Ojú ọ̀nà tí igi fi dàgbà ni yóò gbà là, láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀. Ìdí nìyí tí alágbẹ̀dẹ fi ń fi òrùka irin tàbí ti idẹ sí ọrùn èèkù ọ̀bẹ, tí a sì ń fi irin bọ ìdí ọ̀pá ìtilẹ̀. Ìgbá kan lórí bọ́ọ̀lù kò ju kí a fi òòlù kékeré kan orí igi lọ, ṣùgbọ́n bí a bá kàn án ní ọgọ́rùn-ún ìgbà ní ìrọ̀lẹ́ kan, tí a sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, igi tí kò ní òrùka yóò ti fọ́n bí ìjẹyín. Awọ ni ó ń gba ìkanra náà, òrùka ni ó ń há igi mọ́ra, igi sì ni ó ń gbé agbára ọwọ́ wá. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, àwọn méjì yòókù yóò jìyà rẹ̀.

Nǹkan mìíràn wà tí ó kan ilẹ̀ wa yìí gidigidi, èyíinì ni ọyẹ́. Nígbà ọyẹ́, ọ̀dàn wa a máa gbẹ débi pé ilẹ̀kùn tí ó há nígbà òjò yóò máa ṣí fúnra rẹ̀. Igi ẹnu ọ̀pá náà a máa súnkì bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, ṣùgbọ́n òrùka ike tàbí ti idẹ kì í bá a súnkì tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni òrùka fi ń mì, tí góòmù sì ń sán. Àgbẹ̀ tí igi ọkọ́ rẹ̀ bá ń mì yóò rì í sínú omi mọ́jú kí igi náà lè wú. Mo ti rí ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀pá sínúkà. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀pá náà ti tẹ̀ bí ọrun. Òrùka tí ó bá mì, ẹ yọ ọ́, ẹ nu ojú igi mọ́, kí ẹ sì fi góòmù tuntun lẹ̀ ẹ́ padà. Ẹ má sì fi ọ̀pá sí oòrùn, ẹ má fi í ti ògiri sílẹ̀ di òwúrọ̀. Ẹ fi í kọ́ láti òkè kí ó lè tọ́.

Kì í ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni awọ ti wà lẹ́nu ọ̀pá. Nígbà láéláé ní Yúróòpù, igi kan tí orí rẹ̀ tóbi ni wọ́n fi ń ti bọ́ọ̀lù lórí tábìlì. Bí bọ́ọ̀lù bá wá súnmọ́ etí tábìlì jù, tí orí igi náà kò lè dé ìdí rẹ̀, ẹni tí ń ta ayò náà yóò yí igi padà, yóò sì fi ìrù rẹ̀ tọ́ ọ. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọ̀pá yìí títí di òní, cue, inú ọ̀rọ̀ Faransé tí ó túmọ̀ sí ìrù ni a ti mú un. Nígbà tó yá, ìrù gba iṣẹ́ lọ́wọ́ orí. Ṣùgbọ́n igi lásán ni, bí ó bá sì kan bọ́ọ̀lù ní ibi tí kì í ṣe àárín gbùngbùn, ó máa ń yọ̀.

Ẹni tí a fi ọlá awọ ẹnu ọ̀pá fún ni François Mingaud, kápítéènì kan nínú ọmọ ogun ilẹ̀ Faransé, tí ìjọba rẹ̀ fi sí ẹ̀wọ̀n ní Bicêtre nítòsí Paris. Inú ẹ̀wọ̀n ni ó ti ń fi tábìlì kan tí ó wà níbẹ̀ ṣe àṣàrò, ní nǹkan bí ọdún 1807 ni ó sì parí ọgbọ́n fífi awọ sí ẹnu ọ̀pá. Ó kọ ìwé kan nípa rẹ̀ ní ọdún 1827. Ohun tí awọ náà ń ṣe ni pé ó ń di bọ́ọ̀lù mú fún ìwọ̀n ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Ó kéré púpọ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti yí bọ́ọ̀lù náà. Bí a bá gbá a ní ìsàlẹ̀, yóò lọ, yóò sì padà sẹ́yìn lẹ́yìn tí ó bá ti kan èkejì. Bí a bá gbá a ní ẹ̀gbẹ́, yóò máa pòyì lọ. Nígbà tí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ rí i, ó dà bí ẹni pé idán ni.

Awọ nìkan kò tó, ó ń fẹ́ ṣọ́ọ̀kì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, àwọn kan ń fi ẹnu ọ̀pá lọ ògiri àti àjà ilé kí ẹfun ara rẹ̀ lè mọ́ ọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín wọn, nítorí pé títí di òní yìí ni àwọn ọ̀dọ́ wa ń fi ẹnu ọ̀pá ra ara òpó sìmẹ́ńtì. Ṣọ́ọ̀kì tí ó tọ́ kì í ṣe ẹfun, kì í sì í ṣe èyí tí tíṣà fi ń kọ̀wé. William Spinks, tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú eré náà ní Amẹ́ríkà, àti William Hoskins, onímọ̀ nípa èròjà, ni wọ́n gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní ọdún 1897. Ìyẹ̀fun òkúta líle ni ó pọ̀ jùlọ nínú rẹ̀, òun ni ó ń mú kí awọ lè rá bọ́ọ̀lù mú. Òpó sìmẹ́ńtì ń jẹ awọ run ni, kì í ràn án lọ́wọ́.

Òrùka náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní ayé ìgbà kan, eyín erin ni wọ́n fi ń ṣe èyí tí ó dára jùlọ, eyín erin náà ni bọ́ọ̀lù. Àwọn ọdẹ ilẹ̀ wa tí ń sun ìjálá erin mọ bí ẹranko náà ti tóbi tó, síbẹ̀ bọ́ọ̀lù díẹ̀ ni ń jáde nínú eyín rẹ̀ kan. Ní ọdún 1863, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ṣe ìlérí 10,000 dọ́là fún ẹni tí ó bá rí ohun mìíràn tí a lè fi rọ́pò eyín erin, ìlérí yìí sì wà lára ohun tí ó ti John Wesley Hyatt sí orí iṣẹ́ tí ó fi ṣe ọ̀kan nínú àwọn ike àkọ́kọ́ ní ayé. Ní ọdún 1989, àwọn orílẹ̀-èdè fi ẹnu kò láti fi òfin de òwò eyín erin láti ilẹ̀ kan sí ilẹ̀ kejì. Nítorí náà, òrùka tí ẹ ń rí lónìí, bí kò bá jẹ́ ike, idẹ ni.

Wàyí o, a dé ibi tí àwọn onítábìlì ti ń ṣìnà, èyíinì ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Eré tí ó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ àtíbàbà wa kì í ṣe sínúkà ní tòótọ́, bí gbogbo wa tilẹ̀ ti gbà á bẹ́ẹ̀. Púùlù ni. Sínúkà gan-an jẹ́ eré tí àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Jabalpur ní ilẹ̀ Íńdíà ní ọdún 1875. Bọ́ọ̀lù 22 ni a fi ń ta á, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì fẹ̀ ní 52.5 mìlímítà. Púùlù alákọsílẹ̀ ti àwọn ará Amẹ́ríkà ní bọ́ọ̀lù 15 àti funfun kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ ju 57 mìlímítà lọ díẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù ti yàtọ̀ ni ẹnu ọ̀pá yàtọ̀. Ti sínúkà máa ń wà láàrin 9 sí 10 mìlímítà, ti púùlù yìí sì máa ń wà láàrin 12 sí 13. Nígbà tí ọmọ ọjà bá bi yín pé irú awọ wo ni ẹ ń fẹ́, tí ẹ sì dáhùn pé ti sínúkà ni, ó lè kó èyí tí ó kéré fún yín. Ẹ ó dé ilé, ẹ ó rí i pé etí òrùka yọ síta yí awọ ká. Etí tí ó yọ síta yẹn gan-an ni ó ń gé aṣọ.

Oríṣi awọ mẹ́ta ni ó wà ní ọjà. Èkíní ni èyí tí a ń fi góòmù lẹ̀ mọ́ òrùka. Èkejì ní òrùka tirẹ̀ lábẹ́, a kàn ń tì í wọ ẹnu ọ̀pá bí ìdérí ni. Ẹ̀kẹta ní súkúrúù kékeré tí a fi ń lọ́ ọ wọ inú òrùka. Ẹni tí ó bá kánjú yóò fẹ́ ẹlẹ́kẹta, nítorí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ láti pààrọ̀ rẹ̀. Ní tèmi, elégóòmù ni mo fara mọ́. Súkúrúù a máa tú díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹni tí ń ta ayò kò sì ní mọ̀ títí awọ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ọ̀pá púpọ̀, tí kò sì sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ láti lẹ awọ, ẹlẹ́súkúrúù sàn ju ọ̀pá aláìláwọ lọ ní ọ̀nà tí ó jìnnà.

Súkúrúù pẹ̀lú ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ẹ wo àwọn ọ̀pá tí a ń já sí méjì, tí a ń so pọ̀ ní àárín. Ìwọ̀n ìdè kan a máa jẹ́ 5/16 × 18. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó nípọn tó ìdá 5 nínú ìdá 16 ínṣì, àti pé ojú ìlọ́ 18 ni ó wà ní gígùn ínṣì kan. Òmíràn jẹ́ 5/16 × 14. Ẹ kó méjèèjì lé àtẹ́lẹwọ́, ojú lásán kò ní yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ẹ bá fi agbára lọ́ ọ̀kan wọ ilé èkejì, yóò wọlé díẹ̀, yóò há, yóò sì jẹ ojú ìlọ́ inú rẹ̀ tán. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbé ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, tí a fi nọ́ọ̀tì tí kì í ṣe tirẹ̀ dè é, mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀rọ̀ yìí ti da àwọn òyìnbó pàápàá láàmú rí. Nígbà kan, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ojú ìlọ́ tirẹ̀, bóòtì ti ibi kan kò sì wọ nọ́ọ̀tì ibòmíràn, títí Joseph Whitworth fi dá a lábàá ní ọdún 1841 pé kí gbogbo wọn gba ìwọ̀n kan. Nígbà tí William Sellers dá irú àbá bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1864, ó mú ìwọ̀n tirẹ̀, kò bá ti Whitworth mu.

Nítorí náà, onítábìlì tí ó bá ní ọ̀pá mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìwọ̀n tirẹ̀, mẹ́rin ni ìṣòro rẹ̀. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ ìwọ̀n kan, páálí awọ kan ṣoṣo yóò tó o fún gbogbo wọn. Àgbẹ̀ wa kì í ju ọkọ́ nù nítorí pé igi rẹ̀ dá. Yóò gbẹ́ igi emi mìíràn, yóò sì fi í bọ ojú ihò irin náà, nítorí ó mọ ìwọ̀n ihò náà lọ́kàn. Bí irin bá jẹ tán, alágbẹ̀dẹ Ṣakí yóò rọ òmíràn tí igi àtijọ́ yóò wọ̀. Ọ̀pá tí ẹ rí tí wọ́n jù sẹ́yìn àtíbàbà pé ó ti gbó, ẹ mú un wò dáadáa. Nígbà púpọ̀, ara rẹ̀ yè, ẹnu rẹ̀ nìkan ni ó kú.

Bí a ti ń pààrọ̀ awọ elégóòmù nìyí. Ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé awọ àtijọ́ kúrò, kí ẹ má ṣe gé òrùka. Ẹ tẹ́ sáńpépà sórí pákó tí ó tẹ́jú, ẹ gbé ọ̀pá dúró ṣánṣán lórí rẹ̀, kí ẹ sì yí i jẹ́jẹ́ títí góòmù àtijọ́ yóò fi tán lójú òrùka. Bí ọ̀pá bá dagun lọ́wọ́ yín níbí yìí, awọ yóò dagun títí láé, nítorí náà ẹ má kánjú. Ẹ ra ìdí awọ tuntun náà lórí sáńpépà kí ó lè há díẹ̀. Ẹ kán góòmù, ẹ gbé awọ lé àárín òrùka gẹ́lẹ́, kí ẹ sì fi agbára tẹ̀ ẹ́. Góòmù tí ń gan kíákíá kò dára fún ojú àti ìka, ẹ jẹ́ kí ọmọdé jìnnà sí i. Bí ó bá tilẹ̀ gan ní ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ jẹ́ kí ó sùn mọ́jú kí ẹ tó fi gbá bọ́ọ̀lù.

Ní òwúrọ̀, ẹ da ẹnu ọ̀pá dé orí pákó, kí ẹ fi ọ̀bẹ gé etí awọ tí ó yọ síta, láti ọ̀dọ̀ òrùka wá sí ìsàlẹ̀, títí yóò fi dọ́gba pẹ̀lú òrùka yíká. Ẹ wá fi sáńpépà ṣe orí rẹ̀ ní kìrìbìtì, kí ó yípo bí etí owó ẹyọ kékeré. Awọ tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ kò lè di ṣọ́ọ̀kì mú ní ẹ̀gbẹ́. Awọ bàtà tí àwọn kan ń gé fi sí i kì í pẹ́, nítorí pé a kò fún un pọ̀ bí a ti fún ti ọ̀pá pọ̀; ìgbá mélòó kan ni yóò ti tẹ́ bí àkàrà tí a jókòó lé.

Bí awọ bá kù ní ìwọ̀n 2 mìlímítà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má dúró kí ó já. Ẹ sì máa tẹ́tí sí ìró rẹ̀. Awọ tí ó lẹ̀ dáadáa máa ń ró jẹ́jẹ́. Èyí tí ó ti ń ṣí máa ń ró pákí. Lórí òrùka idẹ, òfin ẹgbẹ́ púùlù àgbáyé kò gbà kí òrùka onírin gùn ju ínṣì 1 lọ, kò sì gbà kí awọ fẹ̀ ju 14 mìlímítà lọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí ń figagbága mọ èyí kí wọ́n tó ná owó wọn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin Ìsẹ́yìn náà ti ra aṣọ mìíràn sí tábìlì rẹ̀. Ó ní kí gbẹ́nàgbẹ́nà kan lu ihò 13 mìlímítà sí pákó pẹlẹbẹ kan, ó kan pákó náà mọ́ òpó àtíbàbà, gbogbo ọ̀pá ni ó sì ń kọ́kọ́ ti ẹnu wọn bọ ihò náà ní àárọ̀ kí ó tó gbé wọn fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo gba ibẹ̀ kọjá nínú ọyẹ́, ọ̀pá méjì ni ó so kọ́. Ìkẹta wà lórí àga, góòmù rẹ̀ kò tíì gbẹ. Oníbàárà kan na ọwọ́ sí i, ó sì dá a lóhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ó di ọ̀la.”